Iṣẹ́ Dátà ni Kí N Kọ́, àbí Iṣẹ́ Wẹ́ẹ̀bù?

 

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé, ọ̀kan nínú yín dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ alẹ́ ni ó ń ṣe ní ilé-ìkẹ́rùsí kan ní Nathan Way, ó sì ti tó ọdún méjì tí ó ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ní kí n kọ́ data analytics, àwọn kan ní web development ni owó wà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni kí n mú?" Ó mú ìwé ìpolówó kan jáde nínú àpò. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ni, wọ́n fẹ́ gba £4,000, wọ́n sì ṣèlérí pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá ẹni tí kò mọ nǹkan kan yóò ríṣẹ́. Owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí ó ní láyé. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni ó fẹ́ lọ san án.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fẹ́ kọ ohun tí mo sọ fún un àti ohun tí àwa méjèèjì rí síbí, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń gbé lọ́kàn.

KÍ NI À Ń PÈ NÍ DÁTÀ?

Ọ̀rọ̀ ńlá ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba ènìyàn. Dátà kò ju àkọsílẹ̀ lọ: iye, orúkọ, ọjọ́, ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ìyá tí ó ń ta ẹja lọ́jà, tí ó ń fi ẹfun fa ìlà sára ògiri fún gbogbo oníbàárà tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, dátà ni ó ń kọ. Bí ó bá wo ìlà wọ̀nyẹn ní ìparí oṣù, tí ó wá sọ pé, "Àwọn tí ń wá ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé ni kì í san owó, n kò ní tà fún wọn láwìn mọ́," ó ti túpalẹ̀ dátà nìyẹn. Iṣẹ́ náà ni pé kí á kó àkọsílẹ̀ jọ, kí á fọ̀ ọ́ mọ́, kí á bi í ní ìbéèrè, kí á sì sọ ìdáhùn fún ẹni tí yóò lò ó ní ọ̀nà tí yóò fi yé e.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù kò jìnnà sí wa. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Plumstead lọ sí ìhà Thamesmead, ẹ mọ ọ̀nà gíga kan tí koríko wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ridgeway, tí ó gba ìtòsí Nathan Way kọjá. Ẹ lè máa rò pé òkè lásán ni. Kì í ṣe òkè o. Ọ̀nà omi ìdọ̀tí ńlá ti gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ń gbé ẹ̀gbin lọ sí Crossness, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ẹ̀rọ tí ń fa omi náà ní oṣù kẹrin ọdún 1865. Joseph Bazalgette ni ẹnjiníà tí ó ṣe é.

Kí wọ́n tó ṣe é, kọ́lẹ́rà pa àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù lọ rẹpẹtẹ. Ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà gbà pé òórùn burúkú inú afẹ́fẹ́ ni ó ń fà á. Dókítà kan wà, John Snow ni orúkọ rẹ̀, tí kò gbà. Ó ní omi ni. Ní ọdún 1854, ilé-iṣẹ́ méjì ni ó ń ta omi ní ọ̀pọ̀ àdúgbò gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, nígbà mìíràn ní òpópó kan náà, ilé yìí ń mu ti èyí, ilé kejì ń mu ti ìyẹn. Ilé-iṣẹ́ Lambeth ti gbé ibi tí ó ti ń fa omi lọ sí òkè odò Thames ní ọdún 1852, níbi tí ìdọ̀tí ìlú kò dé. Ilé-iṣẹ́ Southwark and Vauxhall ṣì ń fa tirẹ̀ láàárín ìlú, níbi tí ìgbẹ́ gbogbo ayé ti ń wọ odò. Snow ń lọ láti ojúlé dé ojúlé tí ènìyàn ti kú, ó ń bèèrè pé, "Omi ta ni ẹ ń mu?" Nígbà tí ó ṣírò ọ̀sẹ̀ méje àkọ́kọ́, ènìyàn 1,263 ti kú ní ilé 40,046 tí ń mu omi Southwark and Vauxhall. Ènìyàn 98 ni ó kú ní ilé 26,107 tí ń mu omi Lambeth.

Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò wo 1,263, yóò wo 98, yóò ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò ní, "Ó tì o, ilé ti èkíní pọ̀ ju ti èkejì lọ, a ò lè fi wọ́n wéra bẹ́ẹ̀." Nítorí náà Snow pín in. Nínú ilé ẹgbàárùn-ún, ìyẹn 10,000, ẹni 315 ni ó kú lọ́dọ̀ èkíní, ẹni 37 lọ́dọ̀ èkejì. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìpín lásán ni, ọmọ pírámárì lè ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn mọ̀ pé ó yẹ kí òun pín in, ọkàn iṣẹ́ dátà gan-an nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kò sí lọ́wọ́ Snow. Ìbéèrè tó dára ni ó ní, àti ẹsẹ̀ tí kò tètè rẹ̀.

Ẹ gbọ́ apá kejì ìtàn náà, torí àwọn tí ń polówó kì í sọ ọ́. Àwọn aláṣẹ kò gba Snow gbọ́. Ó kú ní ọdún 1858, wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ òórùn. Kódà òórùn odò Thames ní ọdún 1858 yẹn kan náà ni ó mú kí ìjọba fi owó sí iṣẹ́ Bazalgette! Nígbà tí kọ́lẹ́rà tún dé ní 1866, tí ó mú àwọn ará ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù níbi tí iṣẹ́ náà kò tíì parí, ni William Farr, tí ó ń ṣírò ìwé òkú fún ìjọba, tó fi ìṣirò tirẹ̀ tọ́ka sí omi ilé-iṣẹ́ kan. Rírí òtítọ́ jẹ́ ìdajì iṣẹ́ dátà, kí wọ́n gbà á lẹ́nu rẹ ni ìdajì kejì. Bí o bá jẹ́ ẹni tí kò lè fara balẹ̀ ṣàlàyé nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún ọ̀gá tí kò fẹ́ gbọ́, iṣẹ́ náà yóò tètè sú ọ.

Florence Nightingale mọ èyí. Òun ni èrò rẹ̀ wà lẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ́ ilé ìwòsàn ológun Royal Herbert ní Shooters Hill, tí wọ́n ṣí ní 1865, tí ó ti di ilé gbígbé báyìí. Ó ti rí i pé àwọn ọmọ ogun tí àìsàn pa ní ogun Crimea pọ̀ ju àwọn tí ọgbẹ́ pa lọ fíìfíì. Kò kó iye jọ síwájú àwọn mínísítà kí wọ́n máa sùn lé e lórí. Àwòrán oníyípo aláwọ̀ mèremère ni ó yà, ní 1858, ẹni tí kò lè ṣírò náà yóò rí i. Ní ilé lọ́hùn-ún, irú iṣẹ́ yìí ni ẹgbẹ́ BudgIT ń ṣe láti ọdún 2011 tí Olúṣeun Onígbindé àti ẹnìkejì rẹ̀ ti dá a sílẹ̀ ní Yaba, ní Èkó. Ìwé ìṣúná Nàìjíríà tí kò yé ẹnikẹ́ni, wọ́n sọ ọ́ di àwòrán tí oníṣòwò ọjà lè wò kí ó sì bèèrè pé, "Owó kànga àdúgbò wa dà?"

Irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò kò pọ̀ fún olùbẹ̀rẹ̀. Excel ni àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Lẹ́yìn náà SQL, èdè tí a fi ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ àpótí àkọsílẹ̀ ńlá. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Edgar Codd, ni ó gbé èrò tábìlì wọ̀nyí kalẹ̀ ní 1970, àwọn ará IBM méjì sì ṣe èdè náà ní 1974. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ òun ni wọ́n ṣì ń lò káàkiri. Ohun tí ó bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò ní kú lọ́la. Power BI tàbí Tableau ni wọ́n fi ń ya àwòrán. Python lè tẹ̀ lé e, kò kánjú.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń gba àkókò jù ni fífọ dátà. Ẹ wo ìwé tí a fi ń pe orúkọ yín. Olùkọ́ kan kọ "Ọlá", èkejì kọ "Ola", ẹ̀kẹta kọ "OLÁ". Ènìyàn kan ṣoṣo ni lójú wa. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹni mẹ́ta lè ni! Bí o bá sì pa àmì ohùn rẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba, ọmọ tí ń jẹ́ Adé àti èyí tí wọ́n fi fọ́ọ̀mù kọ ní "Ade" yóò di ọ̀kan, bóyá ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Ta ni yóò jókòó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan? Oníṣẹ́ dátà ni. Bí irú nǹkan báyìí bá ń mú inú bí ọ, sọ òtítọ́ fún ara rẹ nísinsìnyí.

IṢẸ́ WẸ́Ẹ̀BÙ Ń KỌ́?

Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ni Tim Berners-Lee, ẹni tí ó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀. Ní ọdún 1989 ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì ńlá kan nítòsí ìlú Geneva, ó sì kọ ìwé sí ọ̀gá rẹ̀ pé òun ní ọ̀nà tí ìwé inú kọ̀ǹpútà kan yóò fi lè tọ́ka sí ìwé inú kọ̀ǹpútà mìíràn. Ní 1991 ayé bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹrin ọdún 1993, CERN yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láìgba kọ́bọ̀. Nítorí ìyẹn ni ọmọ tó wà ní Abbey Wood tàbí ní Ìkòròdú fi lè kọ ojú ìwé tirẹ̀ lónìí láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnìkan.

Nǹkan mẹ́ta ni olùbẹ̀rẹ̀ ń kọ́. Bí ilé ni ẹ ṣe lè wò ó. HTML ni ògiri àti òpó. CSS ni ọ̀dà, aṣọ fèrèsé, bí àga ṣe tò. JavaScript ni ohun tí ń mira: ilẹ̀kùn tí ń ṣí, iná tí ń tàn bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́. Brendan Eich kọ JavaScript àkọ́kọ́ ní ọjọ́ mẹ́wàá péré ní 1995, ẹni tí ó bá ti bá a jìjàkadì yóò gbà pé ìkánjú náà hàn nínú rẹ̀ níbòmíràn. Èyí ni apá iwájú. Apá ẹ̀yìn sì wà tí ojú kì í rí, níbi tí wọ́n ń tọ́jú orúkọ àti owó. Nígbà tí o bá tẹ bọ́tìnnì láti san owó ọjà ní Èkó, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ iṣẹ́ Paystack, tí ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Ṣọlá Akínladé àti Ezra Olúbí, dá sílẹ̀ ní 2015. Ní ọdún 2020 ilé-iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò rà á, iye tí wọ́n dárúkọ sì ju igba mílíọ̀nù dọ́là lọ. Mo mọ̀ pé ìtàn yìí ni ó ń gbọ̀n sí ọ̀pọ̀ yín lórí. Ẹ rántí pé àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí a kò gbọ́ orúkọ wọn pọ̀ ju wọ́n lọ.

Dídùn iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù ni pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an o ó rí nǹkan tí o ṣe. O kọ ìlà márùn-ún, ó hàn lójú fóònù. Ìkorò rẹ̀ ni pé ohun tí ó dára lórí fóònù tìrẹ yóò wọ́ lórí ti ìyá rẹ. Bọ́tìnnì yóò sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwòrán yóò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. O ó fi wákàtí mẹ́ta wá àṣìṣe, àmì kékeré kan tí o gbàgbé ni. Nígbà tí mo kọ ojú ìwé Yorùbá tèmi àkọ́kọ́, gbogbo ẹ̀ àti ọ̀ mi di ìranù, bí ẹni pé adìẹ tẹ̀ ẹ́. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi ń bínú kí n tó mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ <meta charset="utf-8"> sí òkè, kí kọ̀ǹpútà lè mọ irú lẹ́tà tí mo ń lò. Ìlà kan ṣoṣo! Bí o bá sì ń kọ ojú ìwé Yorùbá, fi lang="yo" sí i níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀rọ tí ń kàwé fún afọ́jú lè mọ èdè tí ó ń bá pàdé.

Kí n tó gbàgbé, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ẹ̀yin tí ìṣirò kọ̀ǹpútà ń bà lẹ́rù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ odù, ẹ mọ̀ pé àmì méjì péré ni a ní, ẹyọ kan tàbí ẹyọ méjì. Ibi mẹ́jọ ni à ń tẹ̀ ẹ́ sí, ọ̀tún mẹ́rin, òsì mẹ́rin, odù 256 ni ó sì jẹ́. Inú kọ̀ǹpútà náà, àmì méjì ni, òdo àti ení. Ibi mẹ́jọ tí wọ́n tò jọ ni wọ́n ń pè ní byte, oríṣi 256 ni ó lè jẹ́. Ìṣirò kan náà ni: 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2. N kò sọ pé àwọn baba wa ni ó ṣe kọ̀ǹpútà o, ẹ má lọ fi ìyẹn jà ní skúùlù. Mo kàn ní ohun tí ẹ ti ń ṣe lọ́wọ́ yín ni wọ́n sọ di nǹkan ẹ̀rù.

ÈWO WÁ NI?

Àwọn kan yóò ní kí á dáfá sí i. Kò burú, n kò lè sọ pé ó burú. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ọmọ wa yìí pé kí ó kọ́kọ́ mú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá, kí á ní ohun tí a fẹ́ bèèrè lé lórí.

Ohun kan tí ó yẹ kí ó mọ̀ ni ibi tí iṣẹ́ méjèèjì ń gbé. Dátà ń gbé níbi tí àkọsílẹ̀ bá pọ̀: kánsù, ilé ìwòsàn, bánkì, ilé ìtajà ńlá, kódà ilé-ìkẹ́rùsí tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ó ṣòro láti dá a ṣe fún ara ẹni, o nílò ẹni tí yóò ṣí àpótí rẹ̀ fún ọ. Èyí tún já sí pé ẹni tí ó ti wà nínú ilé-iṣẹ́ kan lè gba ibẹ̀ wọlé. Òṣìṣẹ́ tí ó mọ bí ẹrù ṣe ń wọlé tí ó sì ń jáde, tí ó wá mọ Excel àti SQL, mọ ohun tí ọmọ yunifásítì kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra. Àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ kì í ṣe tirẹ̀. Òfin Data Protection Act ti 2018 wà níhìn-ín, Nàìjíríà náà ti ṣe tirẹ̀ ní 2023. Ẹni tí ó bá da orúkọ oníbàárà sínú fóònù rẹ̀ láti fi kọ́ṣẹ́ nílé, ẹjọ́ ni ó ń kọ́.

Wẹ́ẹ̀bù ní tirẹ̀ ṣeé dá ṣe. Obìnrin tí ń se oúnjẹ ayẹyẹ ní Woolwich nílò ojú ìwé, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú nílò rẹ̀, o lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Àmọ́ ẹ̀yin tí físà akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ fi wà nílùú yìí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: òfin kò gbà kí ẹ máa ṣiṣẹ́ ti ara yín. Owó kékeré tí o gbà lọ́wọ́ ẹnìkan nítorí ojú ìwé tí o kọ fún un lè ba ìwé ìgbélùú rẹ jẹ́. Mo ti rí ẹni tí kò mọ̀.

Ìbéèrè kejì tí ẹ máa ń bi mí ni ti AI. Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ẹ̀rọ ti lè kọ ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù kékeré, ó sì lè ya àwòrán dátà bí o bá bẹ̀ ẹ́. N kò ní purọ́ fún yín, iṣẹ́ fún olùbẹ̀rẹ̀ kò rọrùn láti rí mọ́ bí ó ti rí ní 2021, ní apá méjèèjì. Ẹni tí ó bá kọ́ bí a ṣe ń da kóòdù kọ nìkan yóò ní ìṣòro. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà lè má mọ̀ pé "Ọlá" àti "Ola" lè jẹ́ ẹni kan àyàfi bí ẹnìkan bá bi í, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé ìyá tí ń ta oúnjẹ kò fẹ́ kí wọ́n pe òun lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ lò ó bí ẹni tí ó ní olùrànlọ́wọ́ tí ń yára tí ó sì máa ń purọ́ nígbà mìíràn láìtijú. Ẹ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Nípa ti owó ilé-ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ara mi. Ní ọdún 2017 èmi náà san owó fún ẹ̀kọ́ kan. Fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, mo rí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn náà. Mo kọ̀wé, wọn kò dá mi lóhùn. N kò sọ pé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ olówó ni kò dára. Mo ní kí ẹ má san owó kí ẹ tó mọ̀ pé iṣẹ́ náà wù yín. freeCodeCamp wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2014, wẹ́ẹ̀bù wà níbẹ̀, dátà pẹ̀lú Python wà níbẹ̀. The Odin Project wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún wẹ́ẹ̀bù. Ìjọba náà bẹ̀rẹ̀ Skills Bootcamps ní 2020 fún àwọn tí wọ́n ti pé ọdún mọ́kàndínlógún. Kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún lọ, ẹni tí kò níṣẹ́ kì í sì í san owó bí ìwé ìgbélùú rẹ̀ bá bá òfin wọn mu. Ẹ bèèrè ní London South East Colleges tí ó wà ní Plumstead Road. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà wà ní ilé-ìkàwé Woolwich ní Wellington Street. Ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Àwọn kan nínú yín ti ń sọ lọ́kàn pé, "Kí ló dé tí n kò lè kọ́ méjèèjì?" O lè kọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe pọ̀. Nígbà tí mo ń fi ara mi kọ́ Yorùbá kíkọ, mo ní kí n kọ́ ìlù pẹ̀lú rẹ̀ ní oṣù kan náà. Ìwé kò wọ̀ mí lórí, ìlù kò gbọ́ tèmi. Mú ọ̀kan fún oṣù mẹ́fà. Ohun tí o bá kọ́ kò ní ṣòfò, torí oníwẹ́ẹ̀bù yóò padà wá kọ́ SQL, oníṣẹ́ dátà yóò padà wá nílò ojú ìwé tí yóò gbé àwòrán rẹ̀ sí.

SÁTIDÉ MÉJÌ

Ohun tí mo ní kí ọmọ wa ṣe nìyí. Sátidé kan, kí ó fi ọjọ́ náà ṣe iṣẹ́ dátà pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tirẹ̀, kì í ṣe ti inú ìwé ẹ̀kọ́. Sátidé kejì, kí ó kọ ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù kan fún ẹnìkan tí ó mọ̀. Kí ó sì kíyè sí ọjọ́ tí ó gbàgbé láti jẹun.

Ó ní ìwé kékeré kan tí ó máa ń kọ wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ó kó ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sínú Excel, ó fi ìwé ìsanwó tí ẹ́jẹ́ǹsì fún un sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yọ èyí kúrò nínú ìyẹn. Wákàtí mọ́kànlá kò sí níbẹ̀. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó kọ ímeèlì sí wọn, ó fi tábìlì náà sí i, kò bú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n san mẹ́sàn-án. Méjì yòókù, òun ló ṣì í: àkókò ìsinmi tí wọn kì í sanwó fún ni, ó sì ti kọ ọ́ mọ́ iṣẹ́. Ó tì í lójú díẹ̀. Mo ní kí ó má tijú, ẹni tí ó rí àṣìṣe tirẹ̀ nínú dátà ti sàn ju ẹni tí ó rí ti ẹlòmíràn nìkan lọ.

Ní tèmi, mo rò pé ó ti parí, oníṣẹ́ dátà ni. Mo ti ń wá ìwé SQL fún un.

Sátidé kejì dé. Ẹ mọ ohun tí ó kọ? Ojú ìwé kékeré kan tí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lè ṣí lórí fóònù wọn, kí oníkálukú kọ ìgbà tí ó dé àti ìgbà tí ó lọ, kí ó yọ àkókò ìsinmi, kí ó sì sọ fún un iye wákàtí tí ó yẹ kí wọ́n sanwó rẹ̀. Kò dára lójú rárá. Bọ́tìnnì rẹ̀ pupa bí iná danadana, ìṣirò rẹ̀ sì ń wọ́ bí ènìyàn bá ṣiṣẹ́ kọjá aago méjìlá òru, torí ó rò pé wákàtí ti padà sí òdo. Ní aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Sunday ni ó rí i tún ṣe, ó sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé, "Bàbá, mo ti rí i!" Mo sùn. Àárọ̀ ni mo rí i.

Mo bi í pé èwo ni ó gbàgbé oúnjẹ nítorí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní iye wákàtí mọ́kànlá yẹn mú inú bí òun, àmọ́ bí ó ti rí i tán, kò wù ú láti tún wo tábìlì náà mọ́. Bọ́tìnnì pupa yẹn ni ó ń lá.

Kò san £4,000 náà. Láptọ́ọ̀pù àlòkù kan ni ó rà, £180, owó yòókù ṣì wà ní bánkì. Wẹ́ẹ̀bù ni ó ń kọ́, wákàtí kan kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, wákàtí mẹ́ta ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ẹ̀kọ́ wa. Ó ti parí HTML. Ó ní CSS ń yọ òun lẹ́nu, pé àpótí méjì kan kọ̀ láti dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n nínú yín kí ó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà lọ́sẹ̀ yìí.